Ẹ Bi Omi Kí Ẹ Tó Ra Hítà

Kò sí ẹni tó gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí tí kò mọ bọ́ílì ríǹgì. Irin tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, wáyà dúdú, garawa omi, àti àyà tó ń já nítorí pọ́tà. Láàárọ̀ tí iná bá dára, bọ́ílì ríǹgì 1,000 wáàtì á mú garawa lítà 15 lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Lálẹ́ tí gbogbo yàrá bá ti tan tiwọn, tí gílóòbù ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn, garawa kan náà á gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Gbogbo wa la ti rí i. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè ìdí rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Èmi náà ò bèèrè, títí mo fi lọ ṣe IT ní Abẹ́òkúta, tí àìbèèrè mi sì ná ẹlòmíì lówó.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kò le. Bí a ṣe ń yan agbára hítà fún iṣẹ́ nílẹ̀ yìí kò dára, àwa tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà ọ̀la sì wà nínú ẹjọ́ náà. Oníná á wo táńkì, á ṣẹ́jú, á sì dárúkọ nọ́ńbà kan. Ẹni tó ni iṣẹ́ á san owó. Àwa tí a ti kọ́ nípa ooru láti ilé ẹ̀kọ́ girama á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó mú páànù fún oníná.

Ibi tí mo ti ṣe IT, àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi ìda yíyọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Tí aró bá ti mú, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ ìda kúrò. Igi ìdáná ni obìnrin tó ni ibẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Èéfín ń dà á láàmú, owó igi ń gòkè, aládùúgbò ń bínú. Ó ní òun fẹ́ lo iná. Wọ́n bá a ṣe táńkì irin tó gba 500 lítà, wọ́n sì pe oníná àdúgbò.

Bọ̀dá oníná ní hítà kílówáàtì 36 ni kí wọ́n rà. Ìdí? “Bó bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa yá.” Irọ́ kọ́ ni. Ó kàn jẹ́ pé kílówáàtì 36 lórí iná fésì mẹ́ta tó jẹ́ 400 fóòtì máa fa nǹkan bí áńpíà 52 lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, wáyà tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà kò sì tó o. (Tó bá jẹ́ iná onífésì kan ni, ọ̀rọ̀ á ti ju áńpíà 150 lọ, ẹ ò ní rí wáyà yẹn nínú ilé ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀.) Bírékà já lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin kò já, òórùn wáyà tó ń jóná ló sọ fún wa. Wọ́n gbé e lọ sórí jẹnẹrétọ̀ 30 kVA. Ẹ̀ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú.

Ẹ̀rù ti ba Màmá, ó bá sáré lọ sí òdì kejì. Ẹnì kan bá a mú hítà kílówáàtì 6 wá. Wọ́n tàn án ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Títí ọ̀sán fi yẹ̀ orí, omi náà dé nǹkan bí 70 dígíríì, kò sì gòkè mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ń gba owó ojúmọ́ jókòó sórí ìjókòó, wọ́n ń wo táńkì. Màmá san owó wọn pé ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ kan ṣoṣo kò jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wò mí lójú. “Ṣebí ẹ ní yunifásítì lẹ wà?”

Mo mú bíró. Ìṣirò yìí kò ju ohun tí a ṣe ní SS2 lọ. Lítà omi kan ń fẹ́ nǹkan bíi 4.2 kílójúùlù kó tó fi dígíríì kan gbóná sí i. Omi ibẹ̀ wà ní 27 dígíríì láàárọ̀, Màmá ń fẹ́ 85, èyí jẹ́ 58 dígíríì láti gun. 500 lítà, nígbà 4.19, nígbà 58: ó ku díẹ̀ kó pé 122,000 kílójúùlù. Tí a bá fi 3,600 pín in kó lè di irú èyí tí mítà iná ń kà, ó jẹ́ 33.7 kílówáàtì-wákàtí.

Ibi tí gbogbo wa ti máa ń dúró nínú ìdánwò nìyẹn, a ó fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì sọ hítà tí a fẹ́ rà. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ iye ooru tí omi máa gbà, omi sì dà bí olówó orí: bí ẹ san án lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ san án díẹ̀díẹ̀, ó máa gbà á pé. Ohun tó ń yan hítà ni wákàtí. Ṣé wákàtí kan lẹ fẹ́ kó fi gbóná? Kílówáàtì 34 ni. Wákàtí mẹ́ta? Kílówáàtì 11.2. Wákàtí mẹ́fà? 5.6. Bọ̀dá oníná kò bèèrè wákàtí lọ́wọ́ Màmá rí. Èmi bèèrè. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun ń fi wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ya ìda sára aṣọ tuntun, omi kò ní iṣẹ́ kankan ṣáájú aago mọ́kànlá. Nígbà náà, kí ni a ń fi kílówáàtì 36 lé? Ta ló ń sáré ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti wà ní iléeṣẹ́ pàápàá: pé hítà ńlá ń jẹ owó iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC ti gbé owó iná Band A láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan, tí wọ́n sì wá gé e díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rù owó iná wà lójú gbogbo oníṣòwò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ká fi í sí 210. Táńkì Màmá máa jẹ nǹkan bí 7,100 náírà kó tó gbóná, bí hítà náà jẹ́ 36 tàbí 12. Hítà ńlá kò jẹ owó iná ju kékeré lọ. Ó kàn ń yára jẹ ẹ́ ni. Owó hítà ńlá wà níbòmíì: wáyà nínípọn, bírékà, kòńtákítọ̀, jẹnẹrétọ̀ tó tóbi, àti bóyá ìjà pẹ̀lú gbogbo àdúgbò tó ń lo tíráńsífọ́mà kan náà. Hítà tó kéré jù ló ń jẹ owó iná gan-an, nítorí ooru ń sá jáde nínú táńkì ní gbogbo wákàtí tí ẹ fi ń dúró.

Ìdí nìyẹn tí kílówáàtì 6 fi dúró ní 70 dígíríì. Táńkì wa kò ní ìdérí. Omi gbígbóná tí kò ní ìdérí ń ju ooru dànù bí ẹni ń fọ́n owó lóde àríyá. Nígbà tó bá fi máa dé 85 dígíríì, ohun tó ń sá jáde lójú omi lè ju kílówáàtì márùn-ún lọ lórí mítà oníhà mẹ́rin kan. Ó dé ibi kan tí ohun tí hítà ń mú wá àti ohun tí afẹ́fẹ́ ń mú lọ bá ara dọ́gba. Látìgbà náà, ẹ lè tan hítà náà di ọ̀la, omi ò ní kúrò níbi tó wà.

Mo kọ kílówáàtì 12 sórí ìwé. Mo wò ó pé 11.2 la nílò, 12 sì ju 11.2 lọ. Màmá ra hítà kílówáàtì 12. Èmi fúnra mi ni mo tàn án, mo sì gbé àga jókòó bí ẹni tó ṣe nǹkan gidi.

Wákàtí mẹ́ta kọjá. Wákàtí kẹrin kọjá. Ní wákàtí karùn-ún, omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò lọ sí 80. Màmá kò sọ̀rọ̀ sí mi. Ẹni tó ti bínú tẹ́lẹ̀ sàn ju ẹni tó dákẹ́ lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Àṣìṣe mi kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni ìdérí, tí mo rí lójú ara mi tí mi ò sì kà á sí. Èkejì ló dùn mí jù, nítorí bọ́ílì ríǹgì ti ń kọ́ mi láti ọdún kìíní. Nígbà tí mo fi mítà wọn iná náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, 340 fóòtì ló wà láàárín wáyà méjì, kì í ṣe 400. Ẹ rántí pé agbára hítà kì í bá fóòtì rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí fóòtì bá lọ sílẹ̀, áńpíà náà á lọ sílẹ̀, agbára á sì fi ẹ̀ẹ̀mejì jìyà. James Joule ti gbé òfin yìí jáde láti ọdún 1841. Ẹ pín 340 pẹ̀lú 400, ẹ fi ìdáhùn náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 0.72. Hítà 12 mi ti di hítà 8.7. Bọ́ílì ríǹgì yín tó ń gba 180 fóòtì dípò 230 lálẹ́ ti di wáàtì 610 péré. Ẹni tó bá kọ “12 kW” sára irin ń sọ ìlérí ni, fóòtì tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni májẹ̀mú ìlérí náà.

Ọ̀rọ̀ májẹ̀mú yìí ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a ń ra ẹrù tòkunbọ̀. Hítà tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ 480 fóòtì sí lára, kò ní mú ju nǹkan bí 69 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ wá lórí 400 wa. Èyí tó ti Ṣáínà wá, tí wọ́n ṣe fún 380 fóòtì, yóò ṣe òdì kejì: bí ìlà yín bá wà ní 415 lóru tí kò sí ẹni tó ń lo iná, á máa ṣiṣẹ́ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ pẹ̀lú nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀mí rẹ̀ á sì kúrú. Mo ti rí ènìyàn tó bú ẹni tó ta hítà fún un pé ayédèrú ni, láìwo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin náà.

A tún iṣẹ́ náà ṣe. Káfíńtà ṣe ìdérí onípákó tí wọ́n fi páànù tẹ́ nínú, wọ́n sì fi nǹkan wé ara táńkì náà káàkiri. Mo ní kí wọ́n fi ẹgbẹ́ kan kún hítà náà, kó di kílówáàtì 18, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀. Ní 340 fóòtì, gbogbo rẹ̀ ń mú 13 wá. Pẹ̀lú ìdérí, omi gbóná kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Lọ́jọ́ tí iná bá pé 400, ẹgbẹ́ méjì ti tó. Tí omi bá sì ti gbóná tán, ẹgbẹ́ kan ló ń dì í mú. Lórí jẹnẹrétọ̀, ẹgbẹ́ méjì ni, kí ẹ̀rọ ìfọṣọ lè rí nǹkan jẹ pẹ̀lú.

Àwọn kan máa sọ pé kí ló dé tí a kò ra ńlá, ká fi tẹmọ́sítáàtì sí i, ká sì lọ sùn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tẹmọ́sítáàtì kò dín áńpíà kù. Ìgbàkígbà tó bá tàn, gbogbo ẹrù náà ló ń já lu wáyà lẹ́ẹ̀kan. Tí hítà bá tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ púpọ̀, á máa tàn, á máa kú, á máa tàn, kòńtákítọ̀ á sì máa lu ara rẹ̀ bí ẹni ń gún iyán. Àfikún 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ooru tó ń sá, mo gbà. Àfikún fún iná tó ń lọ sílẹ̀, tí ẹ ti fi mítà wọ̀n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, mo gbà. Ká kàn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí pé ọkàn ò balẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe IT tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi àdí ṣe ọṣẹ. Tiwọn burú ju tiwa lọ, nítorí wọ́n gbà pé epo wúwo, ó yẹ kó fẹ́ iná ju omi lọ. Òdì ni. Lítà 500 epo wọn nǹkan bí kílógíráàmù 450, kílógíráàmù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ nǹkan bíi kílójúùlù 2 péré fún dígíríì kan. Ẹ ṣe é dé 85 bíi ti omi wa: 14.5 kílówáàtì-wákàtí, kò tó ìdajì. Hítà omi ni wọ́n rà, wọ́n sì rà á ní èyí tó lágbára. Kò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èédú dúdú bo irin rẹ̀, epo ń rùn, ọṣẹ ń dúdú, irin sì já.

Ohun tí wọn kò wò ni iye wáàtì tó ń jáde lórí ìwọ̀n ara irin náà. Omi ń tètè gbé ooru kúrò lára irin, ó lè fara da wáàtì 7 tàbí 8 lórí sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin kan. Epo ń lọ́ra. Èyí tó fara kan irin máa jóná kó tó ráyè lọ. Nǹkan bíi wáàtì 2 sí 3 ló yẹ ẹ́. Nítorí náà, kílówáàtì kan náà nínú epo ń fẹ́ irin tó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó ní “ẹ bá mi wá hítà kílówáàtì 12” láìsọ ohun tó fẹ́ sè nínú rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń tà á.

Nípa ti gbígbẹ nǹkan, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń fi ẹ̀rọ gbígbẹ èlùbọ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Kílógíráàmù omi kan tí ẹ fẹ́ lé kúrò lára èlùbọ́ máa gba nǹkan bí 0.67 kílówáàtì-wákàtí, kó tó di pé ooru kankan ṣòfò. Ọgọ́rùn-ún kílógíráàmù omi, 67. Ní 210 náírà, ẹ ti na 14,000 náírà. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó pààrọ̀ oòrùn tó ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lókè orí yín. Nígbà míì, agbára hítà tó tọ́ ni òdo.

Ẹ̀sùn mi sí ẹ̀kọ́ wa rèé. Nínú gbogbo ìbéèrè ooru tí mo ti dáhùn láti ọdún kìíní, wọ́n fún mi ní ìwọ̀n omi, wọ́n fún mi ní dígíríì, wọ́n fún mi ní fóòtì tó máa ń jẹ́ 240 géérégé, àní wọ́n fún mi ní wákàtí. Iṣẹ́ mi ni kí n fi nọ́ńbà sí ibi tó ṣófo. Ní Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tó fún mi ní nǹkan kan. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo ní láti bi Màmá nípa aago mọ́kànlá, pé mo ní láti gbé mítà sára wáyà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé mo ní láti wo òkè táńkì bóyá ó ní ìdérí. Bí olùkọ́ kan bá lè rán wa jáde lọ sí ilé ìtajà búrẹ́dì tàbí ilé ìfọṣọ kan nítòsí ọgbà, kó ní ká padà wá pẹ̀lú agbára hítà tó yẹ ibẹ̀ àti ìdí rẹ̀, mo gbà pé ọ̀sẹ̀ kan yẹn á kọ́ wa ju sẹ̀mẹ́sítà kan lọ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti wà ní iléeṣẹ́, tí ẹ bá gba ọmọ IT, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn án lọ ra omi tútù ní gbogbo ìgbà. Ẹ fún un ní mítà.

Bọ̀dá oníná ò sì burú. Òun ló so ẹgbẹ́ mẹ́ta yẹn, ìsopọ̀ rẹ̀ mọ́ ju èyí tí mo lè ṣe lọ. Ó ní kò sí ẹni tó kọ́ òun ní ìṣirò náà rí, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n gbé mítà fóòtì kékeré kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì. Ọmọbìnrin tó ń tan hítà láàárọ̀ ló ń kà á: bó bá wà nísàlẹ̀ 370, mẹ́ta, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, méjì. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Màmá pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ ṣe táńkì lítà 1,000, ó ní kílówáàtì mélòó ni kí òun rà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó lẹ fẹ́ kó gbóná?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí mo máa bi òun nìyẹn, òun sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.